Bí ẹ ṣe lè de wíǹṣì mọ́ iwájú jíìpù láìfi ẹ̀mí wewu

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fi wíǹṣì, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tó ń ká okùn láti fa mọ́tò tó há, fa ara mi jáde nínú ẹrẹ̀, lọ́nà oko kan tó kọjá Ìkòyí-Ilé, okùn kọ́ ló já. Okùn irin náà ta gbọnin-gbọnin láti iwájú Hilux mi dé ìdí igi igbá kan, mọ́tò mì díẹ̀, inú mi sì ti ń dùn pé a ti bọ́. Àfi gbàù! Bọ́ńpà iwájú ya kúrò lódindi, wíǹṣì wà lórí rẹ̀, ó sì fò tẹ̀lé okùn lọ sọ́nà igi. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń darí mi kò jìnnà ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ sí ibi tó balẹ̀. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́.

Nígbà tí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ó hàn kedere. Jórin-jórin tó bá mi ṣe é ti jó ẹsẹ̀ wíǹṣì mọ́ páànù bọ́ńpà. Ojú iṣẹ́ náà dán, kò sí ibi tó ti là. Páànù gan-an ló ya. Bọ́ńpà tó bá mọ́tò ti ilé iṣẹ́ wá kì í ṣe ohun tí a ń fi fa nǹkan. Bóòtù kéékèèké mélòó kan ló so ó mọ́ mọ́tò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé iye agbára tí wọ́n kọ sára wíǹṣì kò já mọ́ nǹkan bí ibi tí a dè é mọ́ kò bá lè gbà á. Ṣáásí, ìyẹn irin gbọọrọ méjì tó gbé gbogbo mọ́tò ró, ni kó gbà á. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín dúró lé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ oko ní Oríire, Sùúrùlérè tàbí Ògo-Olúwa mọ ìdí tí a fi ń wá wíǹṣì. Ilẹ̀ yangí wa a máa le bí òkúta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dé ní oṣù kẹrin, gbogbo ibi tó rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà di àbàtà títí di oṣù kẹwàá. Ẹni tó kó gbágùúdá tàbí kajú sẹ́yìn mọ́tò kò ní lè dúró dìgbà tí ilẹ̀ yóò gbẹ.

Kí ẹ tó na owó

Lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ ni ilé iṣẹ́ sábà máa ń lẹ ìwé pélébé kan mọ́, tó sọ iye tí mọ́tò náà lè wọ̀n pátápátá bí ẹrù bá kún inú rẹ̀. Iye yẹn ni kí ẹ mú, kí ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin tí ẹrù rẹ̀ pé a máa súnmọ́ kílò 3,000. Ẹ fi 1,500 kún un, ó di 4,500. Pọ́ùn ni wọ́n sábà fi ń kọ agbára wíǹṣì, kílò kan sì jẹ́ pọ́ùn 2.2, nítorí náà pọ́ùn 9,900 ni ẹ ń wá. Èyí tí wọ́n kọ 10,000 sí lára yóò ṣe é. Fún Land Cruiser tàbí Patrol tó ń gbé ẹrù wúwo, 12,000 ni kí ẹ wò. Ẹ má fi ìwúwo mọ́tò òfìfo ṣírò, torí ẹrẹ̀ tó bá ti gbá ikùn mọ́tò mú a máa fà á mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ẹrù tún kún sí i.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Iye tó wà lára wíǹṣì, ìpele okùn àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wí, ìyẹn nígbà tí okùn tó kù lára dúróòmù, irin róbótó tí okùn ń wé mọ́, kò ju ìpele ẹyọ kan lọ. Bí okùn ṣe ń wé lé ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agbára ń dínkù. Nígbà tó bá fi di ìpele kẹrin, ọ̀pọ̀ wíǹṣì kò ní lè fa ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iye yẹn lọ. Ìdí nìyí tó fi dára kí a wá igi tó jìnnà díẹ̀, kí okùn púpọ̀ ti tú kúrò lára dúróòmù kí a tó tẹ rìmóòtù.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì lójú yín, kó yí síwájú, kó yí sẹ́yìn. Ẹ gbọ́ ohùn jíà rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá omi ti wọ inú mọ́tò iná rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí dúróòmù, rí.

Ìjókòó wíǹṣì

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ìjókòó ni mò ń pe irin tí ẹsẹ̀ wíǹṣì yóò dúró lé. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ṣe fún irú mọ́tò yín àti ọdún rẹ̀ gan-an, ẹ rà á. Bí kò bá sí, jórin-jórin tó mọṣẹ́ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í, ẹ má lọ sílé kí ẹ ní ẹ ń bọ̀ lálẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ tú bọ́ńpà iwájú kúrò, ẹ fọ orí ṣáásí méjèèjì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tòkúnbọ̀ tí a ń rà lè ti forí sọ nǹkan rí kó tó débí. Ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, ibi tó tẹ̀, ibi tó ti dípẹtà, tàbí ibi tí ọ̀dà rẹ̀ kò bá ìyókù mu. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, iṣẹ́ wíǹṣì dúró níbẹ̀ títí ẹni tó mọ̀ nípa ṣáásí yóò fi tún un ṣe. Mo mọ̀ pé ó ń dunni nígbà tí owó ti jáde, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó.

Irin pẹlẹbẹ tí wíǹṣì yóò jókòó lé kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju mílímítà 6 lọ. Ihò mẹ́rin ni ẹsẹ̀ wíǹṣì sábà máa ń ní. Fún ọ̀pọ̀ wíǹṣì tó wà láàárín pọ́ùn 8,000 sí 12,000, ihò wọ̀nyí jìnnà síra ní mílímítà 254 láti ọ̀tún sí òsì, àti 114.3 láti iwájú sí ẹ̀yìn. Síbẹ̀, ẹ fi rúlà wọn tiyín kí dírílì tó kan irin. Irin náà gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ara wíǹṣì pín sí mẹ́ta: mọ́tò iná wà lápá kan, jíà wà lápá kejì, dúróòmù wà láàárín wọn. Bí irin ìsàlẹ̀ bá lọ́, bí ẹ bá ti de bóòtù ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò máa fún ara wọn. Wíǹṣì yóò máa kérora, yóò sì máa jẹ iná ju bó ti yẹ lọ. Bí mo ṣe ń dán an wò ni pé mo máa ń tú kílọ́ọ̀ṣì wíǹṣì, èyí tó so dúróòmù mọ́ jíà, kí n fi ọwọ́ yí dúróòmù ṣáájú kí n tó de bóòtù le, kí n sì tún yí i lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá yí wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, tó wá ń le lẹ́yìn, ìjókòó kò tẹ́.

Ó kan dídè é mọ́ ṣáásí. Ìjókòó gbọ́dọ̀ di ṣáásí ọ̀tún àti ti òsì mú, ó kéré tán bóòtù mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ihò tí ilé iṣẹ́ ti lu sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Bó bá di dandan kí ẹ lu òmíràn, ẹ̀gbẹ́ ṣáásí ni kí ẹ lù, ní àárín gíga rẹ̀. Ẹ má lu òkè rẹ̀, ẹ má lu ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìnira ń pọ̀ sí jù nígbà tí ṣáásí bá ń tẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń là. Dírílì ni kí wọ́n fi lù ú. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi iná gáàsì jó ihò sí i. Níbi tí ṣáásí bá ti dà bí àpótí, tí inú rẹ̀ ṣófo, tí bóòtù sì gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ fi páìpù irin kékeré há inú ihò náà kí bóòtù má baà fún ṣáásí pọ̀ bí agolo mílíìkì.

Kí wá ni jórin-jórin lè jó? Ìjókòó nìkan, nílẹ̀, kí a tó gbé e wá síbi mọ́tò. Kò gbọ́dọ̀ jó wíǹṣì mọ́ nǹkan kan. Kò gbọ́dọ̀ jó orí bóòtù, nítorí ooru iná ń ba líle irin rẹ̀ jẹ́. Ìkọ́ okùn náà, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bó bá di dandan kó jó nǹkan lára mọ́tò, ẹ tú orí bátìrì méjèèjì kúrò ṣáájú kí iná má baà lọ ba bíréènì mọ́tò jẹ́.

Ẹ rántí àwọn aládùúgbò wíǹṣì náà. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, ẹ̀rọ kékeré kan wà níwájú tó ń sọ fún áábáàgì pé mọ́tò ti forí sọ nǹkan. Kò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà, ẹ má sì fi irin dí i. Nọ́ńbà mọ́tò gbọ́dọ̀ hàn, bó bá gba kí ẹ gbé e sókè, ẹ gbé e. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ ráyè dé rẹdíétọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ wa mọ́tò náà lójú títì Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin ní ọ̀sán gangan, kí ẹ máa wo gééjì ooru. Wíǹṣì àti ìjókòó rẹ̀ lè jọ wọ̀n ju kílò 60 lọ, nítorí náà bí imú mọ́tò bá rẹ̀ sílẹ̀, tí iná iwájú ń tàn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo sípíríǹgì iwájú.

Bóòtù

Ẹ wo orí bóòtù. Nọ́ńbà tó ń sọ bí irin rẹ̀ ṣe lágbára tó máa ń wà níbẹ̀; 8.8 ni kó jẹ́, ó kéré tán. Èyí tí kò ní nọ́ńbà kankan lórí, ẹ má fi de wíǹṣì, bó ti wù kó nípọn tó. Èyí tó bá wíǹṣì wá nínú páálí ló dára jù, torí gígùn rẹ̀ ti bá ihò mu. Bóòtù tó kúrú kò ní jẹ nọ́ọ̀tì tó. Èyí tó gùn jù yóò kan ìdí ihò, ẹ ó rò pé ó ti le, kò sì tíì di nǹkan kan mú. Ẹ fi wásà sí i, kí ẹ fi sípánà tó ń wọn agbára dè é dé iye tí ìwé wíǹṣì sọ. Lẹ́yìn tí mo bá dè é tán, mo máa ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí bóòtù wá sórí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Iná

Bàbá rewáyà tí mo máa ń gbé mọ́tò lọ bá ní Sábo sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, kíìkì ń mu iná, ṣùgbọ́n wíǹṣì ń mu ún bí ẹni tó fẹ́ gbẹ odò." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kíìkì kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ tí ẹ́ńjìnnì fi ń dáhùn. Wíǹṣì tó ń fa mọ́tò nínú ẹrẹ̀ lè gba ámípíà 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ọtanétọ̀ ọ̀pọ̀ jíìpù kò lè pèsè ju nǹkan bí 80 sí 130 lọ. Inú bátìrì ni gbogbo ìyókù ti ń jáde. Nítorí náà, bátìrì tó lágbára ni kí ẹ ní, èyí tí nọ́ńbà CCA tó wà lára rẹ̀ (iye ámípíà tó lè tú jáde láti fi kíìkì ẹ́ńjìnnì nínú òtútù) kò dín sí 650, kí ẹ má sì fa wíǹṣì láé láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì tú orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù kúrò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà. Wáyà tó bá wíǹṣì wá ni kí ẹ lò. Bí kò bá gùn tó, ẹ má so òmíràn mọ́ ọn. Ẹ ra odindi tuntun tí kò tín-ín-rín ju 35 mm² lọ. Mo ti rí wáyà tín-ín-rín tí rọ́bà rẹ̀ yọ́ dà sórí ẹ́ńjìnnì nínú ìṣẹ́jú méjì.

Ọ̀nà tí wáyà yóò gbà ṣe pàtàkì bí wáyà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí ẹ̀kísọ́ọ̀sì, sí fáànù àti bẹ́líìtì, sí etí páànù tó mú. Ibi tó bá ti gba inú irin kọjá, ẹ fi rọ́bà tàbí họ́ọ̀sì wé e, kí ẹ sì so ó mọ́lẹ̀ kó má máa fì. Nẹ́gẹ́tíìfù wíǹṣì, orí bátìrì ni kó dé tààrà. Àwọn kan máa ń so ó mọ́ ara mọ́tò láti fi dín wáyà kù. Irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ dípẹtà, a sì máa gbóná.

Ẹ fi súwíìṣì ńlá tó lè gé iná pátápátá sí ojú wáyà pọ́sítíìfù, nítòsí bátìrì, kí ó wà ní pípa ní gbogbo ìgbà tí ẹ kò bá lo wíǹṣì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí mọ́tò forí sọ nǹkan lójú títì, kí irin iwájú gé wáyà tí iná wà nínú rẹ̀. Ní ti àwọn ẹsẹ̀ tí wáyà ń dè mọ́ lára mọ́tò wíǹṣì, sípánà méjì ni kí ẹ lò: ọ̀kan di nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ mú, èkejì de ti òkè. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan dè é, ẹsẹ̀ náà lè yí, wáyà inú rẹ̀ yóò sì gé.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ so bátìrì padà, pọ́sítíìfù ni kó ṣáájú, nẹ́gẹ́tíìfù ni kó kẹ́yìn. Ẹ tan súwíìṣì, ẹ tẹ rìmóòtù síwájú díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀. Bí bọ́tìnnì "wọlé" bá ń tú okùn jáde, a ti so wáyà ní òdì tàbí a ti wé okùn ní òdì. Ẹ má ní yóò ṣe é bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ wíǹṣì, ọ̀nà kan ṣoṣo ni bíréèkì inú dúróòmù ń gbà di ẹrù mú. Okùn tó bá wé lódì kò ní bíréèkì.

Okùn irin tàbí okùn ọ̀rá

Okùn irin kò bẹ̀rù yangí, kò bẹ̀rù oòrùn, ó sì rọrùn láti rí rà. Àléébù rẹ̀ ni pé bó bá já, a máa fò bí pàṣán, a sì máa yọ ẹ̀gún wáyà tó ń gún ọwọ́. Okùn ọ̀rá fúyẹ́ gan-an, bó bá sì já, agbára tó fi ń padà kéré sí ti irin púpọ̀. Ṣùgbọ́n yangí ń há a, oòrùn ń jẹ ẹ́, ooru dúróòmù sì lè yọ́ ọ. Èmi fúnra mi ti yí sí okùn ọ̀rá láti ọjọ́ bọ́ńpà yẹn. Mo ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi lásán lẹ́yìn ìlò, mo sì ran àpò tí mo fi ń bo wíǹṣì.

Ẹnu tí okùn ń gbà jáde gbọ́dọ̀ bá okùn mu. Onírólà mẹ́rin ni ti okùn irin. Ti okùn ọ̀rá ni èyí tó dán, tí etí rẹ̀ yípo. Bí ẹ bá fi okùn ọ̀rá sí ẹnu rólà tí okùn irin ti há, bíi pé ẹ fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ ni.

Okùn tuntun kò gbọ́dọ̀ wà bó ṣe ti páálí wá, torí wọ́n wé e láìsí ẹrù lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi fa nǹkan wúwo, ìpele òkè yóò rì sáàárín ti ìsàlẹ̀, yóò sì há síbẹ̀. Ẹ wá ibi tó gòkè díẹ̀, tí kò sí ènìyàn. Ẹ tú okùn títí èyí tó kù yóò fi yí dúróòmù ká ní ìgbà 5 péré bó bá jẹ́ irin, ìgbà 10 bó bá jẹ́ ọ̀rá; iye yìí ni kò gbọ́dọ̀ tú kúrò láé, torí òun ló di okùn mú. Ẹ so ìkọ́ mọ́ igi ńlá, kí ẹnì kan jókòó síbi sítíárìn, kó tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, kí wíǹṣì máa fa mọ́tò gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bíi mítà méjì, ẹ dúró, ẹ wo bí okùn ṣe ń tò sára rẹ̀.

Nígbà tí ẹrẹ̀ bá gbé yín

Ẹ gbẹ́ ẹrẹ̀ iwájú táyà kúrò ná. Ṣọ́bìrì máa ń dín iṣẹ́ wíǹṣì kù gan-an.

Igi tó dúró ṣinṣin ni kí ẹ wá: igi igbá, igi emi tó ti dàgbà, máńgòrò ńlá. Ẹ má so mọ́ ẹ̀ka, ẹ má so mọ́ kajú kékeré. Bẹ́líìtì fífẹ̀ ni kí ẹ fi yí ìdí igi ká, nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ fi ṣákù, ìyẹn irin títẹ̀ tí bóòtù ń dí ẹnu rẹ̀, so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Okùn wíǹṣì kò gbọ́dọ̀ yí igi ká kí ìkọ́ rẹ̀ wá kọ́ ara rẹ̀, nítorí ibi tó ti ṣẹ́ náà ni yóò ti já. Ẹ gbìyànjú kí okùn lọ tààrà síwájú. Bó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jù, apá kan dúróòmù ni yóò kó gbogbo rẹ̀ sí.

Púlè, àgbá kékeré tó ń yí tí okùn ń gbà lára rẹ̀, jẹ́ ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní wíǹṣì rà. Bí okùn bá gba inú púlè tó wà lára igi, tó sì padà wá sí ìkọ́ tó wà lára ṣáásí mọ́tò yín, agbára ìfà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ìyára á sì di ìdajì. Ẹ rántí pé bẹ́líìtì àti ṣákù tó wà nídìí igi ni yóò ru ìlọ́po méjì náà. Ẹ ka nọ́ńbà ara wọn kí ẹ tó lò wọ́n.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ awọ. Ẹ di bẹ́líìtì kékeré tó wà lára ìkọ́ mú, kì í ṣe ìkọ́ fúnra rẹ̀, nítorí ìka máa ń bá a wọ ẹnu rólà. Ẹ gbé búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn tàbí àpò tó ní yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lé àárín okùn, kó lè fà á lulẹ̀ bó bá já. Àwọn tó ń wòran, àwọn ọmọdé pàápàá, ẹ lé wọn jìnnà ju ìlọ́po kan ààbọ̀ gígùn okùn náà lọ. Ní abúlé wa, bí mọ́tò bá há, gbogbo ènìyàn ló ń jáde wá ṣèrànwọ́, inú rere ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jìnnà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá okùn tó ti ta kọjá.

Ẹ tẹ rìmóòtù díẹ̀díẹ̀ títí okùn yóò fi ta. Ẹ dúró, ẹ wo gbogbo ìsopọ̀, kí ẹ tó máa fà. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ́ńjìnnì máa gbé iná padà sínú bátìrì. Ẹ fọwọ́ kan ara mọ́tò wíǹṣì. Bó bá gbóná tí ọwọ́ kò gbà á, ìsinmi náà kò tíì tó. Kílọ́ọ̀ṣì kò ṣeé tú nígbà tí ẹrù bá wà lára okùn.

Lẹ́yìn ìfà àkọ́kọ́, kí ẹ tó gbéra, ẹ tẹ̀ ba níwájú mọ́tò kí ẹ wo ìlà ọ̀dà funfun tó wà lórí bóòtù. Bí ìlà orí bóòtù bá ti yà kúrò lára ti irin ìsàlẹ̀, bóòtù náà ti yí. Ẹ dè é padà dé iye inú ìwé, kí ẹ nu ọ̀dà yẹn, kí ẹ fa òmíràn. Èmi ṣì máa ń wo tèmi ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ wọ ọ̀nà Ìkòyí-Ilé.